Ọwọ́ Tí Bàbá Fi Jẹun ní George Town

Ilé Kejìdínlógún,
Òpópónà Pine Hollow,
Humble, Houston,
Texas.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Mọ́pẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Ìyá Zion,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa ni mo bá ọ? Bàbá Zion ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún níjọ́sí ti fi í sílẹ̀? Zion fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, mo rí i pé ọmọ náà ti ga jù ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, ta ni kò ní í ga jù ọ́ lọ? Mo gbà á ládùúrà pé kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo yín, kí òtútù Calgary má sì gé etí ẹnikẹ́ni jẹ lọ́dún yìí.

Àwa náà ń bẹ níbí, a dúpẹ́. Ooru Houston ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáwọ́ lára wa ni. Bíọ́lá ọkọ mi ṣì ń wakọ̀ lọ sí Deer Park láràárọ̀, ó sì ṣì ń bú freeway bí ẹni pé freeway ní etí. Èmi náà wà lẹ́nu iṣẹ́ apòògùn mi. Ti Bàbá mi ló kù. Gbogbo ìgbà tí a bá jọ sọ̀rọ̀ ni o máa ń béèrè wọn, n kò sì dá ọ lóhùn dáadáa rí. Mo máa ń ní "wọ́n wà," mo sì máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Òní ni mo fẹ́ dá ọ lóhùn.

O ní ìwọ àti ọkọ rẹ ń lọ sí George Town, ní erékùṣù Penang, nílẹ̀ Malaysia, lóṣù tó ń bọ̀. O ní kí n sọ ibi tí ẹ ti lè jẹ oúnjẹ ìbílẹ̀ wọn, kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì, pé kí n kàn tẹ orúkọ ibi mẹ́ta mẹ́rin ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ojú mi rí nídìí oúnjẹ nílùú yẹn kò ṣeé fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Má fi ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Mo rántí pé o máa ń ní ó dà bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. Láàárọ̀, ẹ má jẹ oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì, owó òfò ni. Ẹ jáde sí ìgboro, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe roti canai. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni, wọ́n máa ń fi òróró nà án, wọ́n á máa jù ú sókè bí ẹni ń gbọn aṣọ títí yóò fi fẹ́lẹ́, wọ́n á wá dín in, wọ́n á fi ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣíṣàn tì í. Ẹ fi mu tíì oní mílíìkì. Lọ́sàn-án, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Air Itam, lẹ́bàá òkè, kí ẹ béèrè asam laksa. Ọbẹ̀ ẹja kíkan ni, wọ́n dà á sórí nǹkan funfun gígùn tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, tó sanra ju indómì lọ. Ó kan, ó ta, òórùn ẹja tó wà nínú rẹ̀ sì lè lé ọkọ rẹ sá. Kí ó fara dà á. Tó bá gbé e mì lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè òmíràn. Lírọ̀lẹ́, ẹ wá àwọn tó ń dín char koay teow, nǹkan pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, nínú agbada gbígbóná, pẹ̀lú edé àti ẹyin. Ẹ wo ibi tí àwọn ará ìlú fúnra wọn ti tò. Níbi tí kò bá ti sí ẹni tó tò, ẹ kọjá. Bí ooru bá wá mú yín, ẹ mu cendol, wàrà àgbọn tútù tí wọ́n fi ṣúgà dúdú sí. Ìyẹn ò nílò àlàyé kankan.

Ibi kẹrin ni n kò lè sọ ní gbólóhùn kan. Ṣọ́ọ̀bù Hafsah ni. Kí n tó dé ibẹ̀, mo ní láti sọ̀rọ̀ Bàbá.

O mọ̀ wọ́n nígbà tí gbogbo wa jọ ń gbé ní apartment nì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé nígbà náà, Cornelius Láyíwọlá, ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn nínú ooru Houston, tí wọn kò gbà kí ọmọ ẹnikẹ́ni kí wọn lórí ìdúró. Ẹ kó lọ sí Calgary tán ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ẹsẹ̀ padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu padà. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà. Ó wà lára wọn, ó kàn rọ̀ dirodiro ni. Ọwọ́ òsì ló kù fún wọn láti fi ṣe ohun gbogbo. Mọ́pẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, Bàbá kò jẹun lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko. Mo máa ń gbé àwo sí ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n á gbé e wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Oúnjẹ tí kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wákàtí kan ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Mo máa ń wà ní kíṣìnì, mo máa ń gbọ́ ìró ṣíbí tó ń já bọ́ sílẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ lọ mú un fún wọn.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn, Bàbá á ní ààwẹ̀ ni àwọn wà. Ọ̀sẹ̀ yìí ààwẹ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ààwẹ̀. Nígbà tó yá, Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ lórí pẹpẹ. Ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wo Bàbá Láyíwọlá, àgbàlagbà tó ń gbààwẹ̀ fún ìjọ, nígbà tí àwọn ń du ìrẹsì. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá tẹrí ba. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

O lè ní kí ló dé tí ọwọ́ òsì fi wúwo tó báyìí lọ́kàn wọn. Òótọ́ ni pé nílé wa, a kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, a kì í sì í fi júwe ilé baba ẹni. Ṣùgbọ́n ti Bàbá ju ti gbogbo ayé lọ, èmi gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi, Mọ́pẹ́. N kò sọ ọ́ fún ọ rí. Ó tó ọdún márùn-ún tí mo fẹ́ Bíọ́lá kí n tó sọ ọ́ fún òun pàápàá. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú mi, òsì ni mo máa ń nà. Bàbá á ní kí ìyá mi mú gèlè wá, wọ́n á fi gèlè náà so ọwọ́ òsì mi mọ́ àga títí mo fi máa jẹun tán. Wọn kì í nà mí o. Sùúrù ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ méjì sára síléètì mi: òsì, òṣì. Wọ́n á ní kí n wò ó dáadáa, pé àmì kékeré kan lábẹ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀, pé ẹni tó bá ń fi òsì jẹun, òṣì kò ní í jìnnà sí i.

Ọdún méjì ni wọ́n fi so ó. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, ọ̀tún ni mo fi ń kọ̀wé, ìkọ̀wé mi sì rí wúruwùru títí dòní olónìí. Àwọn ènìyàn máa ń yin Bàbá pé wọ́n mọ ọmọ tọ́. Èmi náà máa ń yìn wọ́n. Mo rò pé n kò bínú.

Ó di oṣù Kẹfà ọdún yìí, iléeṣẹ́ Bíọ́lá rán an lọ sí Penang fún oṣù mẹ́ta, èmi náà gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ bá a. N kò lè fi Bàbá nìkan sílẹ̀ ní Humble. Dókítà wọn ní wọ́n lè wọ bàlúù, bí mo bá ń rí i pé wọ́n ń dìde na ẹsẹ̀. Bàbá kò bá mi jiyàn, inú mi sì dùn. Ohun kan ṣoṣo ni n kò rò. Òtẹ́ẹ̀lì tí iléeṣẹ́ fi Bíọ́lá sí kò ní ibi ìdáná. Nílùú yẹn, ìta ni tọmọdé tàgbà ti ń jẹun, lórí tábìlì kéékèèké tí ejìká ti ń kan ejìká. Fún Bàbá, ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ènìyàn dé àárín ọjà pé kó wá bọ́ṣọ kó wẹ̀.

Búrẹ́dì àti tíì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé ẹ̀mí ró, nínú yàrá. Mo wá rí i pé wọ́n ń ta ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé, tí wọ́n fi pépà bò, tí wọ́n fi rọ́bà so. Mo ní a ti rí ọ̀nà àbáyọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń ra ọ̀kan wá, mo ń gbé e sórí tábìlì wọn, mo ń jáde, mo ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn mi bí mo ti máa ń ṣe nílé. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ń ṣa aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀ fún wọn, òórùn kan sì gbá mi nímú. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìdì oúnjẹ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, rọ́bà wọn ṣì wà lára wọn bí wọ́n ṣe so ó. Ọwọ́ kan kò lè tú u. Bàbá sì gbà láti febi sùn ju kí wọ́n ké sí mi lọ.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ yàrá yẹn, mo sunkún. Oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń lò, a kì í fi ebi lò ó, èmi apòògùn ni mo sì ń kà á sí wọn lọ́wọ́ láràárọ̀ nítorí mo gbà pé wọ́n ń jẹun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, wọ́n ń gbọ̀n, òógùn bò wọ́n, wọn kò sì mọ orúkọ mi fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Ṣúgà ni mo fi há wọn lẹ́nu tí ojú wọn fi wálẹ̀. Mo sọ fún Bíọ́lá pé bí Bàbá kò bá jẹ oúnjẹ gidi láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo máa yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, mo máa gbé wọn padà sí Houston, kí wọ́n má baà kú sí mi lọ́wọ́ nílùú onílùú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Hafsah. Ọ̀nà tóóró kan ló yà kúrò lára Lebuh Chulia, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Kò kọ orúkọ sára rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé kan ni wọ́n ta síwájú nítorí oòrùn. Nasi kandar ló ń tà, ìrẹsì tí wọ́n da oríṣiríṣi ọbẹ̀ lé lórí, pẹ̀lú ẹja, àti ilá odindi tí wọ́n sè láì rẹ́ ẹ. Bàbá ń kọjá lọ ni, wọ́n rí ilá, wọ́n dúró. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan lọ láì se ilá fún wọn. Mo lo àǹfààní ìdúró yẹn, mo rọra fà wọ́n jókòó.

Hafsah gbé àwo mẹ́ta wá. Obìnrin tó jọ ojúgbà wa ni, pẹ̀lú ìborí funfun. Gbogbo àwọn tó yí wa ká, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, ọ̀tún sì ni, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọn kò fẹ́ràn òsì nídìí oúnjẹ bí àwa náà kò ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá wò yíká. Wọ́n fa ọwọ́ òsì wọn wọ abẹ́ tábìlì, wọ́n ní omi nìkan ni àwọn fẹ́. Hafsah wo àwo tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ó wo ejìká ọ̀tún wọn tó wọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Kiri tak apa, Pak Cik."

Mo ti mọ̀ pé Pak Cik ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin tó bá ti dàgbà. Ìyókù kò yé mi. Bàbá ti dìde. Ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n jáde sínú oòrùn, èmi àti Bíọ́lá sì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Hafsah dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé àyà, kò mọ ohun tó ṣe.

A dé òtẹ́ẹ̀lì, Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn. Ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní mi ò ní í dìde títí wọ́n fi máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n wo ojú fèrèsé, wọ́n ní, "Obìnrin yẹn ní mò ń kiri. Ó ní apá mi ni mò ń gbé kiri."

Ẹnu yà mí. Àṣé "kiri" àti "apa" tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu obìnrin náà ni. Ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, bó bá gbọ́ méjèèjì nínú gbólóhùn kan, kí ló tún fẹ́ rò? Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ àjèjì ni, àti pé obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní alágbe ni àwọn ń rí nínú dígí láti ọdún mẹ́ta, ẹni tó gbé apá tó ti kú káàkiri kí ayé lè ṣàánú rẹ̀, àwọn sì rò pé àwọn nìkan ló mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí obìnrin náà la ẹnu, ó dà bíi pé ẹnì kan ti wá ka àwọn mọ́.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ọmọbìnrin tó máa ń gba àlejò nísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, mo pe gbólóhùn náà fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní kí n tún un pè. Ó ní kiri ni òsì lédè àwọn. Ó ní tak apa túmọ̀ sí pé kò séwu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò kan apá ènìyàn rárá. Mo gun àtẹ̀gùn padà, mo sọ fún Bàbá pé ohun tí obìnrin náà sọ fún wọn ni pé, "Òsì kò burú, Bàbá."

Wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n béèrè pé ṣé Mùsùlùmí ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n béèrè pé ṣé ó mọ̀ pé àìtọ́ ni láti fi òsì jẹun, mo ní ó mọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, mo bá wọn nínú yàrá tí wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń bá bọ́tìnnì jìjàkadì. Wọ́n ní ká máa lọ sọ́dọ̀ obìnrin oní-kiri yẹn. Lójú ọ̀nà, Bíọ́lá sọ fún wa pé kandar gan-an, ọ̀pá ìléjìká ni, pé ayé àtijọ́, orí ejìká ni àwọn tó ń ta ìrẹsì yẹn máa ń gbé ìkòkò kọ́, tí wọ́n fi ń kiri ojú títì. Bàbá ní, "Àbí ẹ ò rí i? Ẹnì kan kúkú ń kiri." Bíọ́lá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo ń ka ọjọ́, ọjọ́ tí mo dá ti pé.

Hafsah rí wa. Ó nu tábìlì igun fún wa, ó gbé ìrẹsì, ẹja àti ilá kalẹ̀, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń nu tábìlì mìíràn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ òsì wọn sórí tábìlì. Ibẹ̀ ló dúró sí. Àwọn ènìyàn ń wọlé, àwọn ènìyàn ń jáde, oúnjẹ ń tutù, ọwọ́ yẹn kò kúrò lójú kan. Mo wò ó, mo mọ̀ pé wọn kò ní í lè ṣe é. Mo mọ̀ pé a máa dìde, pé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo máa pe àwọn oní-bàlúù.

Mọ́pẹ́, n kò rò ó tẹ́lẹ̀. Mo fi ọ̀tún mi sórí itan, mo na òsì sínú àwo. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ọwọ́ yẹn ti mú oúnjẹ wá sẹ́nu mi kẹ́yìn. Kò mọ̀ ọ́n ṣe mọ́. Ìrẹsì ń já bọ́ láàárín ìka, ọbẹ̀ ń ṣàn lọ sí ọrùn ọwọ́ mi. Ọkùnrin kan nídìí tábìlì kejì wò mí, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀kẹta rọrùn ju ti ẹ̀ẹ̀kejì lọ, lẹ́yìn náà kò le mọ́ rárá, bí ẹni pé ọwọ́ náà ti ń dúró dè mí. Omijé wá ń bọ́ sínú oúnjẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti ń bínú sí bàbá mi láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

Bàbá ní, "Fúnmiláyọ̀."

Mo ní, "Sà."

Wọ́n ní, "Mo ti gba ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ."

Mo ní, "Ẹ so ó ni, sà. Ẹ ò gbà á."

N kò dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Bíọ́lá ti dẹ́kun jíjẹun. Bàbá wò mí, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wò ó títí, bí ìgbà tí wọ́n máa ń wo ìwé ọmọ tó kọ ohun tí àwọn kò retí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na òsì wọn sínú àwo. Ilá tí wọ́n kọ́kọ́ mú bọ́. Wọ́n tún un mú. Wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tún mú òmíràn. Wọ́n jẹ ìrẹsì, ọbẹ̀ kán sí ṣẹ́ẹ̀tì wọn, wọn kò nù ún. Mo ti gbàgbé bí Bàbá ṣe máa ń jẹnu bí wọ́n bá ń jẹun.

Ìwọ náà mọ̀ pé àgbà kì í jẹ oúnjẹ tán láì ṣẹ́ nǹkan kù fún ọmọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n á kọ́kọ́ tú gèlè, wọ́n á wá bu ẹja fún mi, màá kúnlẹ̀, ọ̀tún ni mo sì gbọ́dọ̀ fi gbà á. Nínú ṣọ́ọ̀bù Hafsah, wọ́n fi ìka òsì wọn yọ egungun kúrò níbi tó sanra jù lára ẹja wọn. Ó gbà wọ́n ní àkókò, n kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n nà án sí mi lórí tábìlì. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo sì dúró, nítorí ọ̀kan ni wọ́n kọ́ mi, èkejì ló wà nínú oúnjẹ, n kò mọ èyí tí n ó nà sí wọn.

Wọ́n ní, "Fi èyí tó jẹ́ tìrẹ gbà á."

Òsì ni mo fi gbà á.

Ibi kẹrin nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. A kò yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, ojoojúmọ́ ni a sì ń lọ síbẹ̀ títí ìsinmi mi fi pé. Ẹ dé ibẹ̀ kí aago kan tó lù, torí ilá máa ń tètè tán. Ẹ sọ fún Hafsah pé ará ilé Pak Cik tó bínú jáde ni yín, yóò mọ̀ yín. N kò ní pa irọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan ti dára tán. Bàbá kò tíì jẹun ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ojú Yorùbá le ju ojú àwọn ará Penang lọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Wọn kò bẹ̀ mí lórí ọ̀rọ̀ gèlè, n kò sì retí pé kí wọ́n bẹ̀ mí.

Bá mi kí Bàbá Zion, kí o kí Zion kó má ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bá mi kí ìyá rẹ bí o bá pè wọ́n. Bíọ́lá ń kí gbogbo yín. Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kọ, ṣùgbọ́n Bàbá ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti ìdí tábìlì. Wọ́n ní kí n gbé bírò sílẹ̀ kí n máa bọ̀, pé ọbẹ̀ ń tutù, pé àwọn ò fẹ́ dá jẹun.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀nà jíjìn kò lè yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ,
Olúwafúnmiláyọ̀.